Ta Ló Ni Ìrọ̀lẹ́ Ọ̀dọ́langba? Àkókò àti Àdéhùn láti Oko Yorùbá dé Plaine Orety

Yorùbá tí ó jinlẹ̀ kì í sọ pé òun kò ní àkókò. Bí a bá bẹ ènìyàn níṣẹ́ tí kò sì lè ṣe é, ohun tí yóò sọ ni pé òun kò ráyè, tàbí pé ọwọ́ òun dí. Àyè ni kò rí. Ọwọ́ ni ó dí. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ń sọ lónìí pé 'n kò ní àkókò', ṣùgbọ́n ní etí àwọn àgbà, gbólóhùn náà ṣì ń dún bí ohun tí a kọ́ ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá ti èdè lásán. Ọwọ́ tí ó dí, ohun kan tàbí ẹnìkan ni ó dí i. Bí ẹni tí ó dí i bá ju ẹni tí ń pè lọ, ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ wo ọmọ ọdún 17 tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ pè. Kò tó bẹ́ẹ̀ láti dáhùn pé 'ọwọ́ mi dí' kí ó sì jókòó síbẹ̀, àfojúdi ni. Ohun tí ó lè sọ, tí a ó sì gbọ́, ni pé: 'Ẹ má bínú mà, Bàbá ló rán mi níṣẹ́.' Àgbà nìkan ni ó lè gba ọmọ lọ́wọ́ àgbà. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlò èdè ọ̀wọ̀, n kò sì fi ojú yìí wo gbólóhùn náà rí títí mo fi dé àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Plaine Orety, ní Libreville, olú ìlú Gabon. Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a kọ́kọ́ gba ọ̀nà oko.

A kò ní ọ̀rọ̀ kan tí ó ka ọdún 13 sí 19 pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Iṣẹ́ tí a lè gbé lé ènìyàn lọ́wọ́ ni orúkọ ọjọ́ orí wa ń tọ́ka sí. Màjèsín ni ẹni tí òye rẹ̀ kò tíì kún. Ọ̀dọ́langba ni ẹni tí ara rẹ̀ ti ń le. Géńdé ni ẹni tí ó lè ru ẹrù àgbà. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí a fi ń ka àkókò. Aago àti wákàtí kò bá wa láti oko wá. Agogo ni aago, ohun tí a ń lù kí ènìyàn lè pé jọ. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé dé, ó di ohun tí a ń lù kí ọmọ lè sáré. Wákàtí ti inú èdè Lárúbáwá wá, ó sì bá àwọn tí ń pe ìrun rìn. Méjèèjì jẹ́ ohùn ẹni tí ń peni. Kí wọ́n tó dé, òwúrọ̀, ìyálẹ̀ta, ọjọ́kanrí, ìrọ̀lẹ́ àti àṣálẹ́ ni a ń kà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní ẹni tí ó ni ín.

Baba ni ó ni òwúrọ̀. Bí ọmọkùnrin bá ti ń di ọ̀dọ́langba, baba a fún un ní ilẹ̀ díẹ̀ tí yóò máa ro fún ara rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ baba bá parí, ní ìrọ̀lẹ́, tàbí ní ọjọ́ tí baba bá yọ̀ǹda rẹ̀. Iṣu tí ó bá jáde nínú oko ìrọ̀lẹ́ yìí, tirẹ̀ ni. Òun ni yóò tà, òun ni yóò fi ra aṣọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa kó ohun tí yóò fi fẹ́ ìyàwó jọ díẹ̀díẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọmọbìnrin kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ní èrè díẹ̀ lórí ọjà tí ó bá ìyá rẹ̀ kiri, ṣùgbọ́n nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀, omi àti iná oúnjẹ alẹ́ ni ó ń dúró dè é. Àwa tí a ń kọ nípa ayé àtijọ́ sábà máa ń fo ibí yìí kọjá.

Oko baba nìkan kọ́ ni ó di ọwọ́ géńdé. Àáró wà. Ọ̀dọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún a parapọ̀, wọn a ro oko ẹni kìíní lónìí, wọn a ro ti ẹnìkejì lọ́la, títí yóò fi kárí. Ẹni tí a ti bá ro oko tí kò sì yọjú sí oko ẹlòmíràn, gbèsè ọjọ́ kan wà lọ́rùn rẹ̀, ojú tì í pẹ̀lú. Bí ara rẹ̀ kò bá yá, yóò fi ẹlòmíràn rọ́pò ara rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ tún wà, èyí tí a kì í ka ọjọ́ fún, tí olóko ń fi oúnjẹ dá àwọn ènìyàn lọ́lá. Ẹni tí ó bá ti ní àfẹ́sọ́nà yóò kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn lọ sí oko àna. Gbogbo èyí ni ọmọ ọdún 18 ń gbé sórí láìsí bébà, tí ó ń fi ọjọ́ ọjà ṣe òṣùwọ̀n: kí ọjà tó ń bọ̀ tó pé, mo jẹ lágbájá ní ọjọ́ kan, tàmẹ̀dò jẹ mí ní méjì. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí olùkọ́ kan ń sọ pé ètò àkókò jẹ́ ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn ọmọ wa, àáró ni mo máa ń rántí.

Ìwọ̀fà ni ó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí hàn jù lọ. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ṣàlàyé ìwọ̀fà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń sin ẹlòmíràn dípò èlé orí owó tí a yá. Àgbàlagbà tí ó bá ṣe ìwọ̀fà ń gbé ilé ara rẹ̀, ó sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ebè ni a fi ń wọn ohun tí ó jẹ olówó. Bí ó bá ti kọ ìwọ̀n tí a là sílẹ̀ fún un, ó di ọmọ ilé ara rẹ̀ títí di ìgbà tí ó tún kàn. Ìyàtọ̀ ńlá tí ó wà láàárín òun àti ẹrú nìyí, ìrọ̀lẹ́ sì ni mo máa ń pe ìyàtọ̀ náà.

N kò sọ èyí kí a lè yin ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe kì í dín owó kù. Èlé ni iṣẹ́ náà, ojú owó ṣì wà níbẹ̀ bí ó ti wà. Ọmọ tí òbí rẹ̀ fi ṣe ìwọ̀fà sì ń jí ní ilé olówó, ó ń sùn níbẹ̀, kò ní ìrọ̀lẹ́ kankan. Ó dára bí àṣà náà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ pátápátá kí ọ̀rúndún ogún tó dé àárín. Ṣùgbọ́n ọmọ ìwọ̀fà pàápàá ní ohun kan: àwọn tí ó ṣe àdéhùn mọ ara wọn, wọ́n mọ iye owó náà, gbogbo agbolé sì mọ̀ pé ọjọ́ tí a bá san án ni ọmọ yóò padà wálé. Ẹnìkan wà tí ó lè béèrè rẹ̀.

Ní oṣù kíní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A ti kọ púpọ̀ nípa iye ọmọ tí ó wọlé. Ohun tí a kò kọ tó ni bí ojúmọ́ ṣe yí padà lọ́wọ́ wọn. Ilé ìwé gba òwúrọ̀ kúrò lọ́wọ́ baba. Baba náà kò jókòó lásán. Ó gba ìrọ̀lẹ́. Oko tí ọmọ ń ro fún ara rẹ̀ nígbà tí oòrùn bá rọ̀ di oko baba, tàbí ìsọ̀ ìyá. Nígbà tí ọmọ wá dàgbà dé ilé ìwé gíga, iṣẹ́ àṣetiléwá dé. Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa: olùkọ́ rán ọmọ níṣẹ́ sínú ilé tí olùkọ́ kò sí. Bí ìyá bá pe ọmọ ní aago méje alẹ́, ta ni ọmọ yóò dárúkọ? Ìwé kì í ṣe àgbà. 'Mo fẹ́ kàwé' kò ní ẹnu tí 'Bàbá ló rán mi' ní. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ sàn jù ú lọ níbí, nítorí pé ìwé àdéhùn wà láàárín òbí rẹ̀ àti ọ̀gá, a ti ka ọdún sílẹ̀, gbogbo ènìyàn sì ń retí ọjọ́ tí yóò gba òmìnira, tí a ó sè, tí a ó jẹ.

Gbogbo ohun tí mo ti sọ wọ̀nyí dúró lórí pé àwọn àgbà tí ó ní ìpín nínú ọmọ náà ń gbé nítòsí ara wọn. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí omi òkun bá wà láàárín wọn?

Àwọn Yorùbá ti pẹ́ lẹ́yìn odi. Ọ̀pọ̀ nínú wa ní ìbátan tí ó sá wálé láti Gánà lẹ́yìn àṣẹ oṣù kọkànlá ọdún 1969. Ti Gabon kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tí epo rọ̀bì wà ní ilẹ̀ rẹ̀ ni, tí ènìyàn inú rẹ̀ kò pọ̀. Láti ọdún 1970 wá, ó nílò olùkọ́, oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Ọ̀pọ̀ wá láti orílẹ̀-èdè Benin, àwọn mìíràn láti Nàìjíríà, àwọn tí ń sọ Yorùbá sì wà nínú àwọn méjèèjì. Àlejò ni wọ́n ṣì jẹ́. Ní ọjọ́ 16 oṣù kíní 1977, àwọn jagunjagun àgbàṣe tí Bob Denard kó lẹ́yìn kọlu Cotonou. Ìjọba Benin nàka sí Gabon pé ó lọ́wọ́ sí i. Ìjà Kérékou àti Bongo le títí, nígbà tí ó sì di oṣù keje 1978, Gabon bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọmọ Benin kúrò, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1995, ó tún kan gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba kéde pé àwọn òwò kéékèèké kan di ti ọmọ onílùú nìkan. Ẹ fi ojú ọmọ ọdún 17 wò ó. Òun kọ́ ni ó bá Kérékou jà, bẹ́ẹ̀ ni òun kọ́ ni ó gbàgbé ìwé ìgbélùú. Ṣùgbọ́n ọdún ìdánwò rẹ̀ ni a fi tanná.

Ohun mìíràn ni ọkọ̀ ojú omi Etireno fi han ayé. Ó gbéra ní Cotonou ní òpin oṣù kẹta ọdún 2001. Libreville kò jẹ́ kí ó gúnlẹ̀, Douala kò jẹ́, ó sì padà sí Cotonou ní àárín oṣù kẹrin. Ìròyìn kọ́kọ́ kà á sí ọkọ̀ ẹrú, ó ní ọmọdé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ni ó kó. Iye tí a bá nínú rẹ̀ kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a bá àwọn ọmọdé níbẹ̀ tí wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tí wọn kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kó ìtìjú bá ìjọba méjèèjì. Gabon ṣe òfin lòdì sí fífi ọmọdé ṣòwò ní 2004, Benin ṣe tirẹ̀ ní 2006. Àwọn tí ó kó irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń sọ pé àṣà ni, pé láti ayé baba wa ni a ti ń fi ọmọ sọ́dọ̀ ìbátan kí ó lè gbẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìbátan náà dà? Ta ni ó ka ọdún sílẹ̀? Ìlú tí wọ́n ń kó wọn lọ, èyí tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ìlú òmìnira, àwọn tí a gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú Elizia ni a kọ́kọ́ fi tẹ̀ ẹ́ dó ní 1849.

Ní ọdún 2006 mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Libreville. Ìyá kan tí ó jẹ́ ọmọ Ọ̀yọ́ ni ó gbà mí sílé ní Plaine Orety. Bí orúkọ rẹ̀ ti wí lédè Faransé, pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni: ilé pákó àti ilé bíríkì fún mọ́ra, bí òjò bá sì rọ̀, omi a wọlé kí onílé tó jí. Kò jìnnà sí òpópónà ńlá tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà. Ìyá náà ní ìsọ̀ kékeré tí ó ti ń ta mílíìkì, búrẹ́dì, ìrẹsì àti sàdíìnì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ọmọ ọdún 17, tí ó wà ní kíláàsì àṣekágbá, tí ó ń múra fún ìdánwò tí wọ́n ń pè ní bac.

Mo wo ojúmọ́ ọmọ náà. Aago márùn-ún ni ó ń jí. Ó ń ta búrẹ́dì fún àwọn tí ń lọ síbi iṣẹ́ títí yóò fi tó àkókò ilé ìwé, ó sì ń padà wá jókòó sí ìsọ̀ ní ọ̀sán. Libreville fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà tí ó dá ayé sí méjì. Láti ọdún dé ọdún, ní nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ ni ilẹ̀ ń ṣú, kò sí ìrọ̀lẹ́ gígùn kankan. Ìgbà náà gan-an ni oníbàárà ń ya wọlé nítorí oúnjẹ alẹ́. Bí a bá fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọjà, ọmọ kò ní ṣí ìwé títí ọdún yóò fi parí.

Àdéhùn ni ó gbà á. Baba rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ àti àbúrò rẹ̀ yìí ti bá ara wọn sọ ọ́ lórí fóònù: láti aago méje ààbọ̀ sí mẹ́wàá alẹ́, ìwé ni. Ojúmọ́ Ọ̀yọ́ àti ti Libreville jẹ́ aago kan náà, nítorí náà baba lè pè nígbàkígbà láti mọ ohun tí ọmọ ń ṣe. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, àgbàlagbà kan ní àdúgbò rán ọmọ náà kí ó lọ bá òun ra káàdì fóònù ní títì. Ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní, 'Ẹ má bínú sà, Bàbá mi ló ní kí n má kúrò nídìí ìwé.' Àgbàlagbà náà wo ọ̀tún, ó wo òsì. 'Bàbá rẹ dà?' 'Wọ́n wà ní Ọ̀yọ́, sà.' Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ.

Ìyá náà kì í pa àdéhùn mọ́ nígbà gbogbo. Bí ọjà bá dé láti èbúté, tàbí bí oṣù bá parí tí àwọn ènìyàn ti gba owó, yóò pe ọmọ padà sí ìsọ̀. Nígbà náà ni ọmọ yóò ṣí ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí, yóò fa ìlà kan. Mo bi í léèrè ohun tí ìlà náà jẹ́. Ó ní gbèsè Àǹtí òun ni. Mo rò pé àwàdà ni, títí mo fi rí ìyá náà ní ọjọ́ Sátidé kan tí ó gba ìwé náà, tí ó ka ìlà mẹ́fà, tí ó sì ní kí ọmọ máa lọ, òun yóò jókòó sí ìsọ̀ fúnra òun láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ó pa ìlà náà rẹ́. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ àáró nínú wọn. Mo rò pé ìyá náà kò tilẹ̀ gbá ọkọ́ mú rí.

Ilé kejì sí tiwọn, ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tí kò lè ju ọdún 16 lọ. Kì í ṣe ìbátan ẹni tí ó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n mú un wá láti ilé nígbà tí ó wà ní ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́sàn-án, kò sì dé ilé ìwé láti ìgbà náà. Ó ń kiri ọjà ní Mont-Bouët láti òwúrọ̀, ó ń dáná ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fọ abọ́ ní òru. Mo bi ọ̀gá rẹ̀ léèrè ìgbà tí ọmọ náà yóò padà sílé. Ó ní, 'Ìgbà tí Ọlọ́run bá fẹ́.' Kò sí ìkà nínú ohùn rẹ̀. Ó dáhùn bí ẹni tí a bi ní ohun tí kò rò rí. Ẹni tí ó mú ọmọ náà wá ti kó lọ sí ìlú mìíràn, wọn kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo bá ọmọ náà fúnra rẹ̀ sọ Yorùbá, ó sì dá mi lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè orúkọ baba rẹ̀, ó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó rántí.

Ó gbọ́n bí ọmọkùnrin yẹn, ó sì ń jí ṣáájú rẹ̀. Èyí ni mo máa ń rò bí mo bá rí àwọn ìwé kékeré tí a ń pín fún ọ̀dọ́ nípa bí a ṣe ń lo àkókò. Wọ́n ní kí ó pín ojúmọ́ sí wákàtí, kí ó kọ ohun tí ó ṣe pàtàkì ṣáájú, kí ó kọ́ láti sọ pé rárá. Ìmọ̀ràn náà kò burú fún ẹni tí wákàtí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọbìnrin yẹn yóò sọ pé rárá fún, ní orúkọ ta ni? Àwa olùkọ́ èdè tí a ń túmọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ sí Yorùbá lè kọ 'ó tì' sí ibẹ̀ kí gírámà rẹ̀ sì péye. Kò tíì di ohun tí ọmọ lè sọ.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2025, katakata wọ Plaine Orety. Ìjọba ní òun nílò ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ilé sì wó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Àkókò ìdánwò ni oṣù náà jẹ́ ní Gabon. Mo rí àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, mo sì wá nọ́ńbà ọmọkùnrin náà, tí ó ti di baálé ilé báyìí. Ó ní ilé àti ìsọ̀ Àǹtí òun wà nínú èyí tí ó lọ, pé ara Àǹtí le, pé ohun tí ó ká wọn lára jù ni ọmọ àbígbẹ̀yìn Àǹtí, ọmọ ọdún 18, tí bac rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo béèrè ibi tí ó ti ń kàwé. Ó ní ojúlùmọ̀ kan ní àdúgbò mìíràn ni ó gbà wọ́n sílé, ènìyàn mọ́kànlá nínú yàrá méjì. Ó ní òun ti bá onílé sọ ọ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kó dé, kí ẹrù tó kúrò nínú ọkọ̀: láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá alẹ́, kí ẹnikẹ́ni má rán ọmọ náà níṣẹ́.